Òòfà Tí Mo Fún Ráfíátù

Ẹja yíyan kan wà lórí tábìlì ìdáná mi láti ọjọ́ Sátidé. Ẹja gidi ni, èyí tí wọ́n fara balẹ̀ yan, tí wọ́n ká bí òrùka. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àpò ìkarahun akàn kan wà, tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n ti sá gbẹ, tí wọ́n sì fi okùn di ẹnu rẹ̀. Obìnrin tó kó wọn fún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ kó tó nà wọ́n sí mi. Ó ní kí Ọlọ́run fi ojú àánú wo àwọn ọmọ tèmi náà bí mo ṣe fi ojú àánú wo ọmọ òun. Láti ọjọ́ náà, n kò lè jẹ ẹja yìí, n kò sì lè jù ú nù. Bí mo bá wọ ìdáná, ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ sí tábìlì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ọmọ obìnrin yìí ni mo fi ọwọ́ ara mi tì sínú kòtò, ìyá rẹ̀ sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ta ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí rí?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní láàbù kẹ́mísírì ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìkòròdú. Èmi kọ́ ni olùkọ́ o. Èmi ni mo ń tọ́jú ìgò, tí mo ń po ásíìdì, tí mo ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan èlò, tí mo sì ń gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Lójú mi, 'Mummy Láàbù' ni wọ́n ń pè mí; bí mo bá ti kẹ́yìn sí wọn, ó di 'Ìyá Kọ́kọ́rọ́'. Orúkọ náà kò bí mi nínú, torí òótọ́ ni. Odindi ìdì kọ́kọ́rọ́ ni mo ń so mọ́ ìdí, bí mo bá sì ń bọ̀ lókèèrè, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń tòògbé lórí ìwé rẹ̀ á ti la ojú. Mo fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà ní ipò rẹ̀. Àwọn olùkọ́ pàápàá máa ń bẹ̀ mí kí wọ́n tó rí ìgò tuntun gbà lọ́wọ́ mi. Ìtọ́jú nǹkan ìjọba ni mo pè é. Ahun ni, ahun lásán, ṣùgbọ́n ta ló tó sọ ọ́ sí mi létí?

Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà ní igun láàbù náà tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí àfi èmi. Nǹkan tuntun yòówù tí ilé ẹ̀kọ́ bá rà, inú ibẹ̀ ni mo ń kó o sí, nítorí àwọn alábẹ̀wò tó máa ń wá láti Àbújá láti wò ó bóyá a yẹ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tàbí a kò yẹ. Bí wọ́n bá ń bọ̀, a ó to gbogbo rẹ̀ jáde sórí tábìlì, yóò máa dán. Bí wọ́n bá ti lọ tán, n ó kó o padà, n ó tì í pa. Ẹ má tíì fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣé ìyá tiyín kò ní abọ́ tánganran tó ń tò pamọ́ de àlejò, tí ẹ̀yin ọmọ ilé sì ń jẹun nínú èyí tó ti lu? Bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà nìyẹn, bí mo sì ṣe ń ṣe láàbù náà nìyẹn. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń fi ìgò tó ti sán ṣiṣẹ́, tuntun ń sùn nínú páálí.

Ráfíátù wá bá wa láti ṣe dìgírì kejì. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ sì ń ta ẹja àti akàn ní Ọjà Olúwo. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kì í tán. Bí ẹ bá ní kó da ásíìdì sí omi, á bi yín pé kí ló dé tí kì í ṣe omi ni kí òun dà sí ásíìdì. Ohun tó bá rí ló ń kọ sílẹ̀, bí nǹkan bá sì bà jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á kọ ìyẹn náà. Òun nìkan ló máa ń fọ ìgò lẹ́yìn iṣẹ́ láìjẹ́ pé mo lọgun. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní purọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo pín oúnjẹ ọ̀sán mi fún un, tí ó sì máa ń sọ pé, 'Mummy, ẹ ti tún fi ata pa mí o.'

Iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe rèé, n ó sọ ọ́ bí mo ṣe lóye rẹ̀. Ásíìdì kan wà tí wọ́n ń pè ní àkírílíìkì. Omi ni, òórùn rẹ̀ a sì máa gún ènìyàn nímú. Ìdílé rẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ ti ń rí ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ògiri. Nínú ásíìdì yìí, kábọ́ọ̀nù méjì kan fi ọwọ́ méjì-méjì di ara wọn mú, ibẹ̀ yẹn sì ni ènìyàn lè gbà so èròjà mìíràn mọ́ ọn kó di ohun tuntun, ìyẹ̀fun funfun kan tí wọ́n ń lò fún òórùn dídùn àti fún oògùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá da àwọn èròjà méjèèjì pọ̀ lásán, tí ẹ sì sè wọ́n di ọ̀la, wọn kò ní wo ojú ara wọn. Alárinà ni wọ́n ń fẹ́. Alárinà tí gbogbo onímọ̀ mọ̀ fún iṣẹ́ yìí ni irin kan tó ń jẹ́ pàládíọ̀mù, ọ̀wọ́n gógó bíi góòlù. Ráfíátù ní òun fẹ́ wá alárinà tí mẹ̀kúnnù lè rà. Ó jó ìkarahun akàn tó kó wá láti Ẹ̀pẹ́ títí ó fi di eérú funfun, ó ní bóyá eérú náà á lè so wọ́n pọ̀. Dókítà tó ń tọ́ ọ sọ́nà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní kó gbìyànjú rẹ̀ wò. Àwọn àgbà ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀ba. Ẹ fi òwe yẹn sọ́kàn, torí alárinà kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kò yẹ̀ba.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó wá gba òòfà lọ́wọ́ mi. Òòfà kékeré ni mo ń wí, kò tóbi ju kápúsù oògùn lọ, rọ́bà funfun ni wọ́n fi bò ó. Inú ìgò la ń jù ú sí. Òòfà mìíràn tó wà nínú sítófù iná á máa yí i, òun náà á sì máa ro omi inú ìgò náà. Tuntun wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, wọ́n wà nínú ọ̀rá wọn, wọn kò tíì fojú kan omi rí. Ṣùgbọ́n àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e! Mo lọ síbi agolo mílíìkì tí mo ń kó àwọn ògbólógbòó òòfà sí, mo mú ọ̀kan. Orí rẹ̀ kan dúdú. Mo fi irin ìfọkòkò ha á títí ó fi funfun, mo fi aṣọ nù ún, mo gbé e fún un. Ọmọ náà yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

'Mummy, ṣé tuntun ni? Mo fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé mi ni, mà.'

'Tuntun ni. Ṣé mo jọ ẹni tó máa fún ẹ ní àlòkù ni?'

Mo ṣí ìwé tí a fi ń kọ nǹkan èlò tó bá jáde, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé òòfà tuntun, ẹyọ kan. Mo fọwọ́ sí i, òun náà fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ orúkọ mi. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kì í ṣeé kó, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé ohunkóhun bọ́ lẹ́nu mi. Ó yá, mo jókòó, mo ń jẹ ẹ̀pà.

Ó ṣiṣẹ́! Lọ́sẹ̀ kan náà, Ráfíátù sáré wá bá mi pẹ̀lú ìyẹ̀fun funfun nínú àwo kékeré. Òórùn rẹ̀ dà bí oyin díẹ̀. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó tún ṣiṣẹ́. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun náà dín kù díẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dín kù. Dókítà kò rẹ́rìn-ín mọ́, ṣe ló ń fò. Akàn Ẹ̀pẹ́ ń ṣe iṣẹ́ pàládíọ̀mù! Wọ́n kọ ọ́ jáde, ọ̀jọ̀gbọ́n kan lókè òkun kà á, ó sì ní òun yóò gba Ráfíátù láti wá ṣe dìgírì dókítà lọ́dọ̀ òun, bó bá ti parí èyí tó ń ṣe lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́ wá kí wa. Ó wọ láàbù, ó ń wo òkè ń wo ilẹ̀, ó ní, 'Akàn tí a máa ń da ìkarahun rẹ̀ sẹ́tí omi ló fẹ́ gbé ọmọ mi dé òkè òkun? Alihamudulilai.' Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Dókítà gbé díẹ̀ nínú eérú náà lọ sí láàbù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Èkó, kí wọ́n lè bá a tún un ṣe. Wọ́n ṣe é, kò sí nǹkan kan. Wọ́n tún un ṣe, omi lásán. Lọ́jọ́ tí ó dé tí ó ń sọ ọ́, mo wà nídìí ibi ìfọgò, etí mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní ohun tó ń yà wọ́n lẹ́nu ni pé ṣe ló dà bí ẹni pé pàládíọ̀mù ló ṣe èyí tí Ráfíátù ṣe, Ráfíátù kò sì ní pàládíọ̀mù. Ìgò tí mo mú lọ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Mo rántí olùkọ́ kan tó ti kó lọ sí ìlú òyìnbó tipẹ́. Òun nìkan ló fi pàládíọ̀mù ṣiṣẹ́ rí ní láàbù wa. Nígbà tó ń lọ, ó kó àwọn òòfà rẹ̀ fún mi, ó ní, 'Mummy, àwọn tó dúdú yìí, ẹ jù wọ́n nù o. Irin yẹn ti wọ inú rọ́bà wọn, fífọ̀ kò lè bọ́ ọ.' Ṣé èmi ni n ó ju nǹkan nù? Inú agolo mílíìkì ni mo kó wọn sí.

Ẹ wá wo ọgbọ́n mi. Irin ìfọkòkò tí mo fi ha á kò ṣe nǹkan kan ju pé ó bo àṣírí rẹ̀ lọ. Alárinà ọjọ́sí kò lọ sílé, ó jókòó sára òòfà yẹn, òun ló ń so àwọn èròjà náà pọ̀ nígbà tí gbogbo wa ń yin akàn. Ó yẹ kí n lọ bá Dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹsẹ̀ mi gbé mi dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì gbé mi padà. Mo ní kí n jẹ́ kó di ọ̀la. Ọ̀la dé, mo ní kí àwọn alábẹ̀wò lọ ná. Ọdún díẹ̀ ló kù fún mi láti fẹ̀yìn tì, ìwé ìgbéga mi sì wà lórí tábìlì àwọn ọ̀gá. Irọ́ tí mo fọwọ́ sí wà nínú ìwé ìjọba. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, wọ́n ní. Èmi wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo sì wọ́ ọ lórí.

Kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ ti di ti ìgbìmọ̀. Wọ́n ní Ráfíátù gbé irọ́ jókòó sínú ìwé, pé bóyá ó ra ìyẹ̀fun náà níbì kan. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, wọn yóò lé e, ọ̀jọ̀gbọ́n òkè òkun yóò gbọ́, orúkọ rẹ̀ yóò sì bà jẹ́ títí ayé. Wọ́n ní kó wá ṣe iṣẹ́ náà lójú àwọn. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, ṣùgbọ́n ìka tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gé yìí, ìka tó ṣẹ̀ sì ń fọ ìgò.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, èèyàn mẹ́ta ló jókòó sí láàbù. Obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ni alága wọn, ojú rẹ̀ le, gíláàsì rẹ̀ wà lórí imú. Ìwé tí mo fi ń kọ nǹkan èlò ló ṣí níwájú rẹ̀. Ó fi ìka tọ́ ọ.

'Mummy, ọwọ́ yín nìyí?'

'Bẹ́ẹ̀ ni, mà.'

'Òòfà tuntun lẹ fún un?'

Ráfíátù gbójú sókè, ó ń wò mí. Kò sí ìfura kankan lójú rẹ̀, ìgbẹ́kẹ̀lé lásán ló wà níbẹ̀. Mo ní, 'Tuntun ni, mà.' Bí mo ṣe pa irọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Alága ní, 'Ó dáa. Ẹ fún un ní gbogbo nǹkan ní tuntun lónìí náà. Ìgò tuntun, òòfà tuntun.' Mo tú kọ́kọ́rọ́ ní ìdí mi, mo lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ilẹ̀kùn rẹ̀ bo iwájú mi, wọn kò rí ọwọ́ mi. Ọ̀rá òòfà tuntun wà níwájú mi. Ògbólógbòó òòfà yẹn, tí Ráfíátù ti dá padà fún mi lẹ́yìn iṣẹ́, sì wà nínú àpò aṣọ láàbù mi. Láti òwúrọ̀ ni mo ti fi sí i, n kò jẹ́wọ́ fún ara mi ìdí tí mo fi mú un dání. Bí mo bá fún un ní tuntun, kò ní ṣiṣẹ́, ọmọ yìí ti parí. Bí mo bá yíjú padà tí mo sọ òótọ́, èmi ni mo parí. Bí mo bá fún un ní ti àtijọ́, gbogbo wa bọ́. Ṣé ẹ rí bí èṣù ṣe ń ṣírò fún ènìyàn? Mo ya ọ̀rá náà kí wọ́n lè gbọ́ ìró rẹ̀. Mo ju tuntun sínú àpò mi, mo mú àtijọ́ jáde, mo gbé e lé Ráfíátù lọ́wọ́. Ó ní, 'Ẹ ṣé, mà.'

Wákàtí tó tẹ̀ lé e kò tán bọ̀rọ̀. Òòfà ń yí nínú ìgò, omi ń hó, wọ́n sì jókòó tì í. Ètè Ráfíátù ń mì, ó ń ṣe àdúà sínú. Dókítà ń gé èékánná jẹ bí ọmọdé. Èmi, mo dúró, n kò lè jókòó, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi bó tilẹ̀ jẹ́ pé fáànù ń fẹ́ mi. Ohun tí mo ń bẹ̀rù kì í ṣe ọ̀kan. Mo ń bẹ̀rù pé kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, torí ìyẹ̀fun ìgbà kẹta ti dín kù. Mo sì ń bẹ̀rù pé yóò ṣiṣẹ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Nígbà tí àkókò tó, ó sẹ́ omi náà, ó kán ásíìdì mìíràn, èyí tó ń mú ìyẹ̀fun jáde, sí i níkọ̀ọ̀kan. Ìkán kìíní, kò sí nǹkan. Ìkejì, kò sí nǹkan. Alága ń kọ̀wé. Ìgbà tó yá ni inú ìgò náà wá funfun díẹ̀díẹ̀ bí omidùn ògì, ìyẹ̀fun sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Kò kún ṣíbí kékeré kan, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e lọ yẹ̀ wò lórí ẹ̀rọ, ohun tí ọmọ náà ní òun rí gan-an ni wọ́n rí.

Dókítà gbé ọwọ́ sókè. Alága bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ní, 'Ọmọ mi, má bínú sí wa.' Ráfíátù kò lọ bá ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọ̀dọ̀ mi ló wá, ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì tútù, ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ń sunkún. 'Mummy, ẹ ṣé tí ẹ kò fi mí sílẹ̀.' Mo fà á dìde. Mo ń sunkún èmi náà, gbogbo wọn rò pé ẹkún ayọ̀ ni.

Ráfíátù gba dìgírì rẹ̀, ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti wà lókè òkun báyìí. Ní oṣù kẹta ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ọ̀sán Sọ́ńdè. 'Mummy, kò ṣiṣẹ́ níbí o.' Mo ní kó fara balẹ̀. 'Mummy, mo ti tún un ṣe títí ó ti sú mi.' Ó ní bóyá akàn ìlú òtútù kò dà bí akàn ọ̀sà tiwa ni. Ó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ fún ìkarahun akàn Ẹ̀pẹ́. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìkarahun lọ́dọ̀ gbogbo àwọn tó ń ta akàn ní Olúwo, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó ń sá wọn lórí ẹní. Èmi ló sì ń kó o fún láti bá a fi ránṣẹ́, torí ó ní èmi ni mo mọ ọ̀nà rẹ̀. Àpò àkọ́kọ́ lọ, kò ṣiṣẹ́. Ráfíátù ní ọ̀jọ̀gbọ́n òun kò fi bẹ́ẹ̀ bá òun sọ̀rọ̀ mọ́, ó ti gba ìwé tí òun kọ iṣẹ́ Ìkòròdú sí, ó sì fún òun di ìparí oṣù yìí. Bí kò bá ṣiṣẹ́, òun á padà wá sílé gẹ́gẹ́ bí òpùrọ́. Sátidé tó kọjá, mo lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti lọ sọ òótọ́ fún ìyá rẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu láti Ìkòròdú. Mo dé Olúwo, obìnrin náà na àpò kejì sí mi, ó fi ẹja yìí lé e. 'Mummy Láàbù, ẹ fi èyí se ọbẹ̀. Èyí máa ṣiṣẹ́, akàn ńláńlá ni mo ṣà.' Mo gbà á. Mo ní ẹ ṣeun.

Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Èmi ò tilẹ̀ gbé tèmi kalẹ̀ kí n tó kó o padà sílé.

Nígbà tí Ráfíátù pè ní Sọ́ńdè, n kò jẹ́ kó kí mi tán.

'Ráfíátù, gbọ́. Kì í ṣe akàn.'

'Kí ni, mà?'

'Òòfà yẹn ni. Kì í ṣe tuntun. Wọ́n ti lò ó fún iṣẹ́ pàládíọ̀mù kí n tó fún ẹ. Òun náà ni mo fún ẹ lọ́jọ́ ìgbìmọ̀.'

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo ń retí kó pariwo, kó ṣépè, ì bá sàn fún mi. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀. 'Mummy, mo bi yín. Mo bi yín pé ṣé tuntun ni.'

Mo ní, 'O bi mí.'

Ó pa fóònù. Ní ọjọ́ kejì, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé. Ó kí mi bó ṣe máa ń kí mi, kò bú mi rárá. 'Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òòfà yẹn ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ṣe sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ fún Dókítà náà ní ẹ̀dà kan. Mo fẹ́ fi han ọ̀gá mi níbí kó tó gbọ́ ọ níta. Ní ti màmá mi, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún wọn. Mi ò lè sọ ọ́.' Mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Ọmọ tí mo ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ló ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ mi.

Mo ti kọ lẹ́tà náà. Ìfọwọ́sí rẹ̀ nira fún mi ju ti ìwé àkọ́kọ́ yẹn lọ, ṣùgbọ́n mo fọwọ́ sí i. Òòfà náà wà nínú ọ̀rá, kò fara kan omi, ó ti lọ láàárọ̀ òní. Dókítà ka ẹ̀dà tirẹ̀ níwájú mi, kò wo ojú mi, ó ní kí n máa lọ sílé, wọn yóò pè mí. Mo mọ ohun tí wọn yóò pè mí fún. Ìwé ìfẹ̀yìntì tí mo tìtorí rẹ̀ dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí n má rí i gbà. N kò mọ̀ bóyá wọn yóò gba dìgírì Ráfíátù padà, n kò mọ̀ bóyá ọ̀gá rẹ̀ lókè òkun yóò gbà á gbọ́. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn kí n tó kúrò níbẹ̀, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín, ní ọ́fíìsì ni o, ní ilé ni o, ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó wà níwájú yín tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ni ẹ kó tuntun fún. Àlejò tí ẹ ń tọ́jú rẹ̀ dè kò ju ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tó fi ń wò ó.

Ohun kan ló kù tí n kò mọ bí n ó ṣe ṣe é, òun ni mo sì tìtorí rẹ̀ jókòó tì yín. Sátidé ń bọ̀. Ìyá Ráfíátù pè mí lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ àná, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní òun ti rí akàn tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìkarahun rẹ̀ ti wà lórí ẹní. Mo gbọ́ bó ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha á bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. N ó lọ, n kò ní sá, ẹja rẹ̀ ni n ó sì fi dání lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ wo ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, tí n ó fi lè sọ fún obìnrin yìí pé kó má fọ ìkarahun akàn mọ́?